Ẹ gbà mí o, n ò rí nǹkan yà mọ́

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́kọ:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Aládìrẹ ni mí, Abẹ́òkúta ni mo wà. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí n ò ti rí nǹkan tuntun yà. Lánàá, mo po ẹ̀kọ láfún tá a fi ń ya aṣọ láàárọ̀, mo fi álọ́ọ̀mù sí i, mo sẹ́ ẹ, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo mú ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi ń yà á lọ́wọ́. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, ẹ̀kọ ti gbẹ lójú, eṣinṣin ti kú sínú ẹ̀, ìlà mẹ́ta péré ni mo fà. Mo dà á nù.

Ariwo ò jẹ́ kéèyàn ronú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi gan-an ni aládùúgbò gbé jẹnẹrétọ̀ sí, tó bá ti tan án, ògiri á máa gbọ̀n. Ọkọ mi ní kí n yéé yọ ara mi lẹ́nu, kí n máa ṣe Kàmpálà bíi ti gbogbo ayé. Àwọn oníbàárà náà, fọ́tò aṣọ ẹlòmíì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́: "Àǹtí, irú èyí gẹ́lẹ́ la fẹ́." Ó sú mi. Ìyá mi ya aṣọ títí tó fi kú, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ò rí nǹkan yà. Níbo lẹ̀yin ti ń rí tiyín?

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ẹ kú ìnira. Ó ṣe èmi náà rí, odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ọmọ mi ló yọ mí. Ó ń gbálẹ̀ àgbàlá ní kùtù, ilẹ̀ tutù díẹ̀, ìgbálẹ̀ wá fi ìlà sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀kan gun ẹ̀yìn ọ̀kan. Ni adìyẹ bá rìn gba àárín ẹ̀ kọjá. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ ibẹ̀! Ipa ìgbálẹ̀ àti ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn ni mo gbẹ́ sára ilẹ̀kùn fún oníbàárà kan n'Íjẹ̀bú. Ó ṣì jẹ mí ní ìdajì owó ilẹ̀kùn náà títí dòní, àmọ́ ìyẹn lọ́tọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, gbàdúrà o. Nǹkan tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kì í ṣojú lásán.

Adé Ayàwòrán:
Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo nǹkan kọ́ layé ń ṣe féèyàn. Bóyá ó kàn rẹ̀ wọ́n ni.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé mo ní kó má sinmi ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n Ìtòkú:
Àṣàkẹ́, o wà l'Ábẹ́òkúta, o ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí nǹkan yà? Bọ́ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, jókòó ti ẹni tó ń ta nǹkan, kí o la ojú ẹ. Ohun tó bá wà níwájú àwọn ìyá wa ni wọ́n ń yà: òòyà, agboòrùn, ẹyẹ, ewé. Ní 1935 tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n gbé òun àti ayaba sórí aṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Níbí yìí náà làwọn ọkùnrin ti ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sáṣọ. Ìwọ wá ń wojú ògiri.

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́kọ:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìtòkú jìnnà sí mi, oòrùn sì ń pa èèyàn. Owó ọ̀kadà náà ti wọ́n.

Ọmọ Mápó:
Àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ńkọ́? Wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn ní 1929, àwọn ìyá wo òpó ẹ̀, wọ́n yà á sáṣọ. Ta ló dúró de ìmísí?

Àdùkẹ́ Olófì:
Ṣíbí ni wọ́n yà síbẹ̀, kì í ṣe òpó. Ìyá àgbà mi ní in, mo mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Mápó:
Òpó ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìtòkú:
Méjèèjì ló wà níbẹ̀, òpó àti ṣíbí ni wọ́n tò mọ́ra wọn. Ẹ jẹ́ ká dá obìnrin yìí lóhùn.

Ọmọ Ọ̀ṣun:
Àǹtí, ẹ wá s'Óṣogbo fún ọjọ́ méjì. Ẹ rántí Àdùnní Olórìṣà, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, òun náà fi ẹ̀kọ yà sáṣọ. Inú igbó Ọ̀ṣun ló ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀.

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́kọ:
Gbogbo yín ṣáà ń ní kí n jáde, kí n jáde. Ṣé inú ilé nìkan lèèyàn ò ti lè rí nǹkan ni? Mo ti wo àwòrán lórí Pinterest títí ojú fi ń ta mí.

Ẹ̀gbọ́n Ìtòkú:
Jẹ́ n bi ọ́ léèrè kan. Bí o kì í bá wá s'Ítòkú, níbo lo ti ń ra tẹ́rù, aṣọ funfun tó o fi ń ṣe àdìrẹ?

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́kọ:
N ò tíì rà láti oṣù mẹ́ta. Èyí tó ṣẹ́ kù nílé ni mò ń lò.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo gba tẹ́rù ìdì 12 láwìn fún aṣọ ẹbí. Ẹni tó ni ìnáwó kó aṣọ lọ, ó san díẹ̀, kò gbé fóònù mi mọ́. Mo jẹ ìyá tó ń ta tẹ́rù n'Ítòkú ní 180,000 náírà. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Wọ́n jọ jókòó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí mo bá ń lọ sí Lafẹ́nwá, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà. Tí mo bá ti mú ìyẹ́ adìyẹ báyìí, ohùn ìyá yẹn ni mò ń gbọ́ létí.

Àdùkẹ́ Olófì:
O wá ń rojọ́ jẹnẹrétọ̀ fún wa látàárọ̀!

Ìyá Ìbejì:
Mo ṣáà sọ pé kì í ṣojú lásán.

Adé Ayàwòrán:
Ẹ mú ẹni tó kó aṣọ lọ lọ sí tèṣàn.

Ọmọ Mápó:
Tèṣàn kẹ̀? Kí owó tèṣàn tún lé e.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Àǹtí, oníbàárà mi tí mo sọ níjelòó yẹn, mo rí i lọ́jà lóṣù tó kọjá. Ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù alágbo, ó ń ṣe bí ẹni ń yẹ èèpo igi wò. N ò ronú kan owó ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ká ní ó kí mi ni, ǹ bá dá a lóhùn.

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́kọ:
Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta. Mo pe ìyá tó ń ta tẹ́rù lálẹ́ àná. Mo ti di gbogbo ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, àfi bí wọ́n ṣe ní, "Àṣàkẹ́, o ti jẹun?" Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní kí n mú ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, pé aṣọ kan tí ìyá mi yà wà nísàlẹ̀ àpótí àwọn, àwọn ò rántí orúkọ ẹ̀ mọ́, kí n wá wò ó.

N ò tíì ya nǹkan kan o. Jẹnẹrétọ̀ náà ṣì ń dún.

Ọmọ Mápó:
Tó o bá débẹ̀, bá wa wò ó bóyá ó ní òpó.