Wọ́n fún adìyẹ ní àjẹsára, Newcastle ṣì wọlé: kí ni ẹ máa ń bá lóko?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:
Ẹ̀yin dókítà ẹran, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ àfikún ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú adìyẹ tí kò tíì gbọ́ ọ rí: «Dókítà, àjẹsára yín ò ṣiṣẹ́.» Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ Newcastle, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń pa adìyẹ, ní Nàìjíríà, lágbègbè Ìbàdàn ní 1952 sí 1953, ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ a ṣì ń jà á. Ẹ má dárúkọ oko, ẹ má dárúkọ ilé iṣẹ́. Ohun tó bàjẹ́, ìdí tó fi bàjẹ́ àti ìwọ̀n tó yẹ ká lò la fẹ́ kà.

Dókítà kan, Ìbàdàn:
Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò. Àgbẹ̀ á ní omi bọ́ọ̀holù lòun ń lò, kò sí kílórínì níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹ bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ohun tó fi fọ dírínkà, ìyẹn ohun tí adìyẹ fi ń mu omi. Ẹ ó gbọ́ pé Izal ni, nítorí pé dókítà ń bọ̀, ó fẹ́ kí ilé mọ́! Fáírọ́ọ̀sì ààyè ni LaSota, àjẹsára Newcastle tí a ń pò mọ́ omi. Ohun tó ń pa kòkòrò inú ilé ló ń pa òun náà kí adìyẹ kankan tó fẹnu kàn án. Láti ọjọ́ méjì ṣáájú, omi lásán ni kí wọ́n fi fọ dírínkà, kí wọ́n má bu oògùn kankan sínú táǹkì.

Níbi tí omi ẹ̀rọ bá ti ń wọlé, mílíìkì onípáúdà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni ẹ ó pò mọ́ ọn, gíráàmù 2.5 sí lítà kan. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán kí àjẹsára tó wọlé. Àwọn kan máa ń da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí kò sì wúlò, nítorí kílórínì á ti pa fáírọ́ọ̀sì kí mílíìkì tó rí i mú. Mílíìkì tíì tó kún fún ọ̀rá á dí níípù, ẹnu ẹ̀rọ tí adìyẹ fi ń mu omi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò.

Ìwọ̀n omi: lítà kan fún ẹgbẹ̀rún adìyẹ, lọ́nà iye ọjọ́ orí wọn. Adìyẹ 500 tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ 21 á gba lítà 10 àti ààbọ̀. Tó bá ti dé nǹkan bíi lítà 40 fún ẹgbẹ̀rún kan, ẹ má fi kún un mọ́. Ohun tí a ń wá ni kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí kan sí méjì. Bó bá tán kíákíá jù, àwọn alágbára nìkan ló mu ún. Bó bá ṣì kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, òkú fáírọ́ọ̀sì ni àwọn tó kẹ́yìn ń mu.

Dókítà kan, Abẹ́òkúta:
Òótọ́ ni ti omi, àmọ́ fíríìjì ló ń ba tiwa jẹ́ jù. 2 sí 8 °C ni kí àjẹsára wà. Iná lọ lálẹ́, iná dé láàárọ̀, a fọwọ́ kan ìgò, ó tutù, gbogbo wa gbà pé kò sí wàhálà. Ọwọ́ kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Tẹmómítà tó ń tọ́jú ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó kéré jù ni kí ẹ fi sínú fíríìjì, kí ẹ máa kà á láràárọ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Ohun kan wà tí ojú lè rí. Ọ̀pọ̀ ìgò àjẹsára ààyè ni wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó dé e. Ẹ fa omi mímọ́ mílílítà 5 sínú síríńjì, ẹ gún róbà orí ìgò, kí ẹ sì yọwọ́ lẹ́yìn síríńjì. Ìgò tó dáa á fa omi náà wọlé fúnra rẹ̀, èyí tó gbẹ nísàlẹ̀ á sì yọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí omi bá dúró sínú síríńjì tí kò mira, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ẹ ka ìwé inú páálí ṣá o, torí àwọn kan ń fi gáàsì kún tiwọn, ìyẹn ò ní fa omi.

Àjẹsára olóróró yàtọ̀: dídì ni ọ̀tá tirẹ̀. Ẹni tó gbé e lé áísì ní tààrà nínú kúlà ti bà á jẹ́. Ẹ gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí epo bá ti ya kúrò lára omi, ẹ má gún un fún adìyẹ kankan. Ẹ jẹ́ kó kúrò ní tútù dáadáa kí ẹ tó gún mílílítà 0.5 sí ẹran àyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú abẹ́rẹ́ á wú.

Dókítà kan, Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, ẹ fo ti òùngbẹ. Wákàtí kan tó lásìkò ooru kí a tó gbé omi àjẹsára kalẹ̀, méjì nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Ẹni tó bá fi ebi omi pa wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ á rí i tí wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń da àjẹsára sórí ìyẹ̀fun pákó. Òwúrọ̀ kùtù ló dáa jù, kí oòrùn má tíì wọ ilé.

Ẹ pò àwọ̀ búlúù tó wà fún iṣẹ́ yìí mọ́ omi àjẹsára. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ ya ẹnu adìyẹ bíi 50 sí 100 wò, láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, pàápàá ẹ̀yìn ibi tí òkùnkùn wà. Ahọ́n tàbí iwájú ọ̀fun ni ẹ ó ti rí i. Bí kò bá tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, dírínkà ò tó.

Èrò tèmi ni pé bí adìyẹ kò bá ju ẹgbẹ̀rún kan, ojú ni kí ẹ kán an sí. Mílílítà 30 omi ìpò fún ìwọ̀n 1000, ẹ̀kán kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jù ú sílẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú máa ń jù ú sílẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú, ẹ̀kán náà á sì ṣàn sórí ìyẹ́.

Dókítà kan, Ilọrin:
Ṣé ẹ ti yẹ bursa wò, ẹ̀yà ara kékeré tó ń ran adìyẹ lọ́wọ́ láti bá àrùn jà? Bí Gumboro, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba bursa jẹ́, bá ti kọjá lára wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹta, LaSota tó dára jù lọ kò ní rí ara tí yóò gbé e. Ẹ la adìyẹ, ẹ wo òkè ihò ìdí: ní ọjọ́ kẹta àrùn, bursa á wú, ohun bíi jẹ́lì aláwọ̀ ìyeyè á bò ó, nígbà tó bá fi máa tó ọjọ́ kẹjọ, ó ti súnkì sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀. Bursa tó kéré tí kò dun ẹnikẹ́ni ló ń tàn wá jẹ, nítorí adìyẹ náà ń jẹun.

Àjẹsára Gumboro náà lè bọ́ sí asán nítorí ààbò tí ìyá fi sínú ẹyin. Ààbò yẹn máa ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọjọ́ 3 lára bùróílà, ó sì ń tó ọjọ́ 5 àti ààbọ̀ lára ọmọ adìyẹ ẹlẹ́yin. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kan ṣoṣo kò fi lè bá oko méjì mu. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ adìyẹ bíi 20 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí owó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí àárín.

Dókítà kan, Ọ̀yọ́:
Adìyẹ ẹlẹ́yin tó ti gba àjẹsára kì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Ẹyin ló ń dínkù, èyí tó pupa á funfun, èèpo á rọ̀. Ẹ lè la mẹ́wàá kí ẹ má rí ẹ̀jẹ̀ kankan ní ẹnu ọ̀nà ìwe, àmì tí a mọ̀ mọ́ Newcastle. Àrùn adìyẹ méjì mìíràn, Bronchitis àti Egg Drop, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, torí náà ẹ má fi ojú lásán pè é ní Newcastle. Ẹ̀jẹ̀ 20, mílílítà 2 láti iṣan abẹ́ apá, kí ẹ tún gba òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi ìgò ẹ̀jẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì títí yóò fi dì, kí ẹ tó gbé síírọ́ọ̀mù, omi tó ya sọ́tọ̀ lára ẹ̀jẹ̀, sínú tútù. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé lé áísì lójú ẹsẹ̀ á tú, síírọ́ọ̀mù á pupa, yàrá àyẹ̀wò á sì dá a padà.

Nínú àbájáde HI, àyẹ̀wò tó ń wọn ààbò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ìpíndọ́gba nìkan ni kí ẹ wò. Bí àwọn kan bá ga fíofío tí àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀ 1/16, ọ̀nà tí wọ́n gbà fún wọn ni ìṣòro, kì í ṣe àjẹsára.

Dókítà kan, Òṣogbo:
Ẹ dákun, kí ẹ tó la òkú kankan: bí ọ̀pọ̀ bá kú lójijì, tí orí wú, tí ẹsẹ̀ ní àmì ẹ̀jẹ̀, ojú kò lè ya Newcastle kúrò lára àrùn àjàkálẹ̀ H5N1, ọ̀fìnkìn adìyẹ (bird flu), èyí tó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Kàdúná ní February 2006. Ẹ má là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ. Ẹ wọ ìbòjú àti ìbọ̀wọ́, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ti ìpínlẹ̀, kí ẹ sì dá títa àti gbígbé adìyẹ dúró.

Dókítà kan, Abẹ́òkúta:
Bí ẹ bá sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò àrùn ẹran ti ìjọba ní Vom, ẹ fi òwú gba ọ̀fun àti ihò ìdí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàìsàn, èyí tó ti ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ kan kò ní fáírọ́ọ̀sì tó tó mọ́. Ẹ fi òwú náà sínú omi ìgbékiri, kí ó má gbẹ, ẹ di í sí àárín áísì pákì ní ìpele mẹ́ta. Ẹ má fi fọ́rmálínì kan èyí tí wọ́n fẹ́ fi wá fáírọ́ọ̀sì. Ẹran tí wọ́n fẹ́ wò lábẹ́ máíkíróskópù ni fọ́rmálínì wà fún, ìgò tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀.