Ṣé òótọ́ ni pé sányán ìyá mi kò yẹ mí?

Olùkọ́, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Adúmáadán ni mí. Lóṣù tó kọjá, mo sanwó fún obìnrin kan tó máa ń sọ àwọ̀ tó yẹ èèyàn fúnni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n ya fọ́tò ojú mi, kí n tún ya ti iṣan ọwọ́ mi, kí òun lè mọ̀ bóyá ó rí bí ewé tàbí bí aró. Alẹ́ ni mo yà á, nínú yàrá, lábẹ́ gílóòbù. Ọjọ́ kejì ló fèsì pé "ìgbà òtútù" ni mí (orúkọ ìgbà inú ọdún ni wọ́n fi ń pe ìsọ̀rí àwọ̀): dúdú, funfun gbòò, pupa fòò àti búlúù tó mú ojú ló yẹ mí. Ó ní kí n jìnnà sí àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ iyanrìn àti àwọ̀ ẹ̀pà.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Ìyá mi fi sányán kan sílẹ̀ fún mi, ìró, ìpèlé àti gèlè. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún kí wọ́n tó bí mi. Oṣù tó ń bọ̀ la ó ṣe ìrántí ọdún mẹ́wàá tí màmá ti lọ, òun ni mo sì ti fọkàn sí láti wọ̀. Mo yọ ọ́ nínú àpótí lánàá, mo we gèlè rẹ̀, mo wo dígí. Ojú mi rí bí ojú ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò fi nǹkan para. Ó funfun, ó gbẹ, abẹ́ ojú mi ṣókùnkùn. Omi bọ́ lójú mi.

Àbúrò mi obìnrin ní kí n fún òun, pé òun tí òun pupa ló máa yẹ. Ṣé kí n fún un? Màmá náà dúdú bíi tèmi, aṣọ yìí sì máa ń yẹ wọ́n!

Aránṣọ, Mọ́kọ́lá

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni o. Aago mélòó lẹ wo dígí yẹn, irú iná wo ló sì wà níbẹ̀?

Olùkọ́, Ìbàdàn

Bí aago mẹ́jọ alẹ́. Gílóòbù funfun ni.

Aránṣọ, Mọ́kọ́lá

Mo fura bẹ́ẹ̀. Àìmọye ìyàwó ló ti ra léèsì lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù ní Gbági, tí wọ́n bá délé, wọ́n á ní àwọ̀ tí àwọn rà kọ́ nìyí. Gílóòbù funfun máa ń mú nǹkan fà sí búlúù, èyí tó pọ́n á mú un fà sí ìyeyè. Sányán tó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ rọra wà láàárín ìyeyè àti ilẹ̀, ó máa kú fin-ín lábẹ́ iná funfun. Nídìí ẹ̀rọ mi, n kì í ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ àlejò tí a kò bá tíì jọ gbé e dé ẹnu ọ̀nà wò nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́.

Onímékọ́ọ̀pù, Èkó

Ọ̀rọ̀ iṣan ọwọ́ yẹn ló bí mi nínú. Ara adúmáadán kì í jẹ́ kí èèyàn rí àwọ̀ iṣan dáadáa, bẹ́ẹ̀ fóònù ló yà á, lálẹ́. Kámẹ́rà fóònù máa ń dá ìmọ́lẹ̀ kún ojú tó dúdú, ó sì máa ń tún àwọ̀ ṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Àbá lásán ni obìnrin yẹn dá.

Òṣùwọ̀n àwọ̀ ara tí àwọn dókítà awọ ara mọ̀ jù, láti 1975 ni, Fitzpatrick, dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìpele 4 ni, àwọn aláwọ̀ funfun ló sì wà fún. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi 2 kún un fún àwa yòókù. Àwa yòókù o, gbogbo dúdú ayé! Ní 2022 ni Google gbé èyí tí Ellis Monk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, ṣe jáde, ìpele 10 ló ní. Ó sàn, àmọ́ ìwọ̀n bí ara ṣe dúdú tó nìyẹn náà ń wọ̀n. Adúmáadán mẹ́ta lè jókòó lórí àga mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀kan, pupa ló wà nísàlẹ̀ dúdú rẹ̀. Ìkejì, ìyeyè. Ìkẹta, dúdú tó fà sí aró. Àtíkè tí mo bá fi kun ọ̀kan, tí mo bá fi kun èkejì, eérú ni.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ fọ ojú, ẹ má kun nǹkan kan. Ẹ fi aṣọ funfun di irun. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kọjú síta, kí oòrùn má ṣe ta bá ojú yín gangan. Ẹ fi funfun gbòò sábẹ́ àgbọ̀n, ẹ yọ ọ́, ẹ fi funfun tó rí bí ehín erin síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, pupa bíi tòmátì, lẹ́yìn rẹ̀ pupa bíi sóbò. Ẹ má wo aṣọ rárá. Abẹ́ ojú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kí ẹ máa wò. Àwọ̀ tó bá yẹ yín, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, London

Ẹ má jẹ́ ká da gbogbo rẹ̀ nù o. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò àwọ̀ tó yẹni níbí, lójúkojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá. Wọ́n kó aṣọ lé mi léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọrùn fi ń ro mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé dúdú kì í wọ àwọ̀ ọsàn. Àwọ̀ ọsàn ló wá jẹ́ kí ojú mi tàn jù lọ lọ́jọ́ yẹn! Iṣẹ́ náà kò burú. Ẹni tí kò fojú ara rẹ̀ rí èèyàn kó tó sọ̀rọ̀ ló ṣe é láìdáa.

Aláró, Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ ọnà ni mo kọ́ nílé ìwé kí n tó wá sídìí ìkòkò aró ní Ìtòkú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ọkùnrin kan wà ní Paris tó ń jẹ́ Chevreul, òun ni ọ̀gá àwọn aláró nílé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins láti 1824. Àwọn ahunṣọ ń ráhùn pé aró dúdú wọn kò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, aró kò ní àléébù kankan. Àwọ̀ tí wọ́n hun sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú ọ̀hún ló ń mú kó ṣá lójú èèyàn. Ní 1839 ló tẹ ìwádìí náà jáde.

Ojú yín ni dúdú yẹn, gèlè yín ni àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí ni ìró wà. Kò sí ohun tí ìró fẹ́ fi ojú ṣe. Ohun tó bá wà láti ọrùn sókè ni kí ẹ wá nǹkan ṣe sí. Ẹ wá fọ́tò màmá jáde, kí ẹ wo gèlè tí wọ́n ń we sí i.

Ìyá Aláṣọ-òkè, Ìṣẹ́yìn

Ọmọ mi, sányán baba aṣọ. A kì í rẹ ẹ́ láró, bí kòkòrò inú igbó ṣe pọ òwú rẹ̀ ló ṣe rí yẹn. Kó o tó dá a lẹ́jọ́, sá a níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nínú ibòòji, má sá a sóòrùn. Aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpótí máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Tó o bá fẹ́ wọ̀ ọ́, we gèlè àlàárì lé e, kó o wá so iyùn mọ́rùn. Bí àwọn ìyá wa tó dúdú ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Olùkọ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣe é láàárọ̀ Sátidé yìí.

Nígbà tí mo fọjú, aṣọ ìnura mi gba àwọ̀. Àtíkè tí mo ń lò mọ́lẹ̀ ju ara mi lọ, n kò mọ̀ rárá, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń rà á. Òun gan-an ni "ọyẹ́" tí mo rí lójú mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ mi gbé dígí dání fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Funfun gbòò mú abẹ́ ojú mi ṣókùnkùn, funfun ehín erin tú u ká. Obìnrin yẹn ní funfun gbòò ló yẹ mí! Mo gbé sányán lé èjìká: kò tan, kò sì pa mí lójú bíi ti alẹ́. Mo wá yá gèlè àlàárì lọ́wọ́ aládùúgbò, mo we é, mo jẹ́ kí sányán wà nísàlẹ̀. Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ màmá àgbà."

Mo rí fọ́tò náà. Ìró àti ìpèlé sányán, gèlè pupa, iyùn ìlà méjì. Wọn ò we gèlè sányán yẹn nínú fọ́tò kankan tí mo rí. Àbúrò mi ni mo máa fún. Ó wé e wò níwájú mi, ó dà bíi pé òun gan-an ni wọ́n hun ún fún. Àwa méjèèjì la ó wọ màmá lọ́jọ́ náà.

Aránṣọ, mo fẹ́ kí ẹ rán bùbá fún mi. Ṣé kó jẹ́ aró ni àbí ehín erin?

Aránṣọ, Mọ́kọ́lá

Ehín erin, ma, kí ọrùn rẹ̀ rí roboto kí iyùn lè jókòó. Ẹ gbé sányán náà dání lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó di aago mẹ́wàá.