Wọ́n Ń Kó Àlejò Wá Wo Ilé Tí Owó Mi Ò Tí ì Tán Níbẹ̀: Ta Ló Ti Ṣẹlẹ̀ Sí Rí?

Ìyá ọmọ méjì, Tanke:

Ẹ kú àtàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìbéèrè fún àwọn tó ti yá ilé gbé ní Ìlọrin rí. Bí èèyàn bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún onílé pé òun máa kó lọ, ṣé ilé náà ti di Ọjà Ìpàtà nìyẹn, tí ẹni tó bá wù á wọ̀ ọ́, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì bá tirẹ̀ lọ?

Ọ̀nà Òkè-Odò ni à ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí Ọ̀fà, a sì lọ bá Alhaji tó ni ilé pé a ò ní san ti ọdún tuntun mọ́. Kò mú ìjà wá rárá. Ó ṣàdúrà fún wa, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibẹ̀ tù wá lára. Owó wa ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀, rìsíìtì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Àfi bí ajẹ́ńtì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn dé.

Ti ọjọ́ Sátidé ni kí n sọ. Mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, ìró ni mo ró mọ́ àyà. Mo gbọ́ kọ́ọ̀kọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlẹ̀kùn sì ti ṣí. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni dáhùn. "Mọ́mì, ẹ má bínú, a ò ní pẹ́." Àwọn géńdé ọkùnrin rọ́ tẹ̀lé e, bàtà wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn, wọ́n sì gba orí ẹní ìkírun ìyá ọkọ mi kọjá. Ọ̀kan lọ ṣí wọ́dúróòbù, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ń rin. (Mo gbà pé ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi ló wà níbẹ̀!) Èkejì wọ ilé ìgbẹ́, ó fa omi. Omi tí mo rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo rọ sínú táǹkì rẹ̀, gbuu ló lọ. Ó jáde, ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́." Ẹ ṣeun o, ọ̀gá.

Ajẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ń ya fídíò ní gbogbo àsìkò yẹn. Mo rò pé ẹnì kan tí kò ráyè wá ló fẹ́ fi hàn. Nígbà tó dalẹ́, àbúrò mi fi í ránṣẹ́ sí mi láti inú gúrúùpù WhatsApp àwọn tó ń wá ilé: pálọ̀ mi rèé, fọ́tò ìgbéyàwó wa lára ògiri, ọmọ mi lórí àga, wàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye owó ilé àti nọ́ńbà ajẹ́ńtì ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Mo pe Alhaji. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ń lọ?" Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì sọ tiyín.

Lọ́yà kan, Fate:

Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Alhaji ló ni ilé, kò sẹ́ni tó ń bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀, àti láti sọ ẹni tó máa wọlé, ẹ̀yin lẹ fowó rà á títí di ọjọ́ tí owó yẹn bá pé. Pé ẹ ti sọ fún un pé ẹ ń kó lọ kò bu nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Abala 37 òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọdún 1999 náà dárúkọ ilé ní tààrà níbi tó ti ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, kí ló wà nínú àgírímẹ́ǹtì? Púpọ̀ nínú èyí tó ń gba ọwọ́ mi kọjá ló ní gbólóhùn kan pé kí ayálégbé jẹ́ kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ wọlé wo ilé ní àkókò tó bójú mu. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ti fọwọ́ sí i nìyẹn, ẹ ò lè tìlẹ̀kùn mọ́ wọn pátápátá. Àmọ́ ìgbà tí ìyá ń wẹ ọmọ kò bójú mu, kí èèyàn sì já wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀ kò bójú mu. Òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti ọdún 2011, tiẹ̀ là á sílẹ̀: ojúmọmọ ni, àkókò tó bójú mu ni, kí onílé sì ti kọ̀wé sọ tẹ́lẹ̀. Nítorí kí onílé lè wo ipò tí ilé wà kó sì ṣàtúnṣe ni wọ́n ṣe kọ ìyẹn, wọn ò dárúkọ kíkó oníbàárà wá. Òfin Èkó ò dé Kwara o, ẹ má lọ fi dẹ́rù ba Alhaji. Mo mú un wá kí ẹ lè ní kí wọ́n kọ irú rẹ̀ sínú àgírímẹ́ǹtì tí ẹ máa tọwọ́ bọ̀ ní Ọ̀fà.

Bí àgírímẹ́ǹtì yín ò bá sọ nǹkan kan, ìyọ̀ǹda yín ni wọ́n máa tọrọ. Bí ẹ bá kọ̀, kò lè torí ẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín síta tàbí kó kó ẹrù yín síta. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi ipá lé Ojukwu kúrò nílé ní Ikoyi nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ fún wọn pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wà níwájú adájọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí wọ́n ń jà sí, títí kan ìjọba. Áńbọ̀sì onílé kan ní Tanke.

Ti fídíò, ojú ọmọ àti fọ́tò ìgbéyàwó yín wà lára ohun tí òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ń dáàbò bò. Ẹ ní kó yọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́.

Ẹlẹ́hàá, Pàkátà:

Tèmi tún burú ju tiyín lọ, torí ẹlẹ́hàá ni mí. Ọmọ onílé ló kó wọn wá, kò tiẹ̀ sí ajẹ́ńtì níbẹ̀. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí, ó gbà pé kò sí yàrá tí òun ò lè wọ̀. Mò ń ro ọkà lọ́wọ́, orí mi ṣí sílẹ̀, ọkọ mi wà lọ́jà. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọkùnrin ní pálọ̀, mo sá wọ ìyẹ̀wù, mo tìlẹ̀kùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n tún ń kan ìlẹ̀kùn ìyẹ̀wù náà, pé àwọn fẹ́ mọ bó ṣe fẹ̀ tó? Mò ń gbọ́ òórùn ọkà tó ń jóná lórí iná, mi ò lè jáde.

Ọkọ mi ò pariwo. Ó lọ bá bàbá onílé ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ó ka ẹsẹ̀ 27 nínú Súrátù Núúrù fún un, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí onígbàgbọ́ òdodo má ṣe wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ títí yóò fi tọrọ ìyọ̀ǹda, tí yóò sì sálámà sí àwọn ará ibẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ilé mi kọ́ ni?" Àfáà tó jókòó tì wọ́n ló dá a lóhùn pé, "Ẹni tí ẹ gba owó rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, òun lẹ máa sálámà sí." Ọ̀rọ̀ parí.

Àdéhùn tá a wá ṣe ni pé ọjọ́ Àìkú ni kí wọ́n máa wá, láàárín Alásárì sí Mọ̀gàríbà, kí wọ́n sì ti sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí wọ́n tó dé, mo ti wà lọ́dọ̀ ìyá tá a jọ ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ẹlẹ́hàá náà lè béèrè fún irú ẹ̀ o. Kò dìgbà tí obìnrin bá wà ní ẹ̀hà kí wọ́n tó kan ìlẹ̀kùn kí wọ́n sì dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ àná, Òkè-Odò:

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ̀rọ̀ yìí ń bá jù. A lọ sílé fún họ́lídè, kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ kẹ́tékà, ló bá ń ṣí yàrá wa fún àwọn jámbáìtì. Mo padà dé, gáàsì mi ti tán, ìrẹsì mi ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ẹnì kan sì ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti kó wọ ilé, mo máa ń pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà, màá tọ́jú ti onílé, kí n lè dá a padà lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Kẹ́tékà bínú. Kó máa bínú lọ.

Ajẹ́ńtì, Basin:

Ẹ ti na ajẹ́ńtì tó, ẹ jẹ́ kí ajẹ́ńtì náà sọ tirẹ̀. Ẹni tó kan ìlẹ̀kùn tí kò dúró kí wọ́n dáhùn kò mọ iṣẹ́, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayálégbé kan wà ní Gáà-Akanbí tó fojú mi rí màbo. Ìgbàkígbà tí mo bá pè é, kò sí nílé: ó lọ Èkó, ó lọ síbi òkú, ara ọmọ ò yá. Lọ́jọ́ tó wá gbà, bí mo ṣe yíjú báyìí ló ń sọ sétí oníbàárà mi pé olè ò jẹ́ kí àwọn sùn, pé omi máa ń ya wọlé. Irọ́ gbuu! Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ilé náà láìsan owó ajẹ́ńtì ni.

Tá a bá ní ká dúró kí ilé ṣófo ká tó wá èèyàn sí i, onílé lè jókòó fún oṣù mélòó kan láìrí kọ́bọ̀. Ìdí tá a fi ń sáré nìyẹn. Èmi máa ń pè lọ́jọ́ tó ṣáájú, màá kó gbogbo oníbàárà pọ̀ sí wákàtí kan, màá sì ní kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá ọmọ méjì, Tanke:

Ajẹ́ńtì Basin, ẹ ṣeun, mo gbọ́ yín. Àmọ́ owó ìyẹ̀wò tí ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀ ń kó wá ńkọ́? Ẹ̀yin gbowó, èmi ra omi. Àwàdà ni mò ń ṣe o. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni àwàdà.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì tiwa rèé, mo sì fi ránṣẹ́ sí Alhaji náà: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. A ò ní kí ẹ má mú èèyàn wá. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti Sátidé, aago mẹ́wàá sí méjìlá, ló rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ iye èèyàn tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú wa nílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn. Ẹ má ya àwa àti ẹrù wa. Tí ẹ bá fẹ́ àwòrán, ẹ sọ ọjọ́, a ó palẹ̀ yàrá mọ́ fún yín. Ẹ bá wa yọ èyí tó wà lórí gúrúùpù lónìí."

Ó yọ ọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Alhaji fi àtàǹpàkò ránṣẹ́, kò kọ nǹkan mìíràn.

Bàbá kan, Òmù-Àrán:

Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó kọ́ṣọ̀n nínú gbogbo yín. Nílé tí mo gbé kẹ́yìn, àwọn tó wá wo ilé ló fọ́ gíláàsì fèrèsé, onílé sì fẹ́ yọ ọ́ nínú owó kọ́ṣọ̀n mi. Fọ́tò ló gbà mí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ni mo ti ya ilé náà láti igun dé igun, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó san owó mi pé.

Ẹ mọ ìbéèrè tí oníbàárà máa ń bi èèyàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ajẹ́ńtì bá lọ gba fóònù: "Ṣé ilé yìí ń jò?" Mi ò purọ́ fún wọn, mi ò sì ba ilé onílé jẹ́. Yàrá ẹ̀yìn ń jò bí òjò bá le, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo sọ. Ọmọkùnrin tó gba ilé náà ní kí onílé pààrọ̀ páànù kí òun tó sanwó, onílé sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Páànù kan náà tí mo fi gbogbo ọdún tí mo gbé ibẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn.