Ajá mi ń sá fún mi láti ìgbà tí mo ti tọ́jú etí rẹ̀: báwo ni yóò ṣe tún fọkàn tán mi?

Àṣàkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń sin ajá pẹ́. Ọmọ ọdún 4 ni ajá mi, Tanímọ̀la, ọ̀dọ̀ mi ni ó sì ti ń gbé láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ oṣù 2. Tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tí mo lè jókòó sí nínú ilé tí kò ní wá gbé àgbọ̀n lé mi lẹ́sẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù 2 sẹ́yìn, etí rẹ̀ méjèèjì kó àrùn, dókítà ẹranko sì ní kí n máa kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 14. Oògùn náà ń ta á. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, kò gbà kí n sún mọ́ òun mọ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká a mọ́ kọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a dì í mú, èmi a fi aṣọ ìnura bò ó lójú, n ó sì kán oògùn náà. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó kùn mọ́ mi, ó sì fi eyín hàn. Ẹ̀rù bà mí, mo pariwo mọ́ ọn, mo sì fi ọwọ́ gbá a lẹ́nu. Ó dùn mí púpọ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Etí ti mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá dìde lórí àga pẹ́rẹ́, yóò ki ìrù bọ abẹ́ itan, yóò sì sá wọ abẹ́ tábìlì. Bí mo bá fa aṣọ ìnura yọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ó ṣì ń jẹun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń dì í mú, kò sì jẹ́ jẹ lọ́wọ́ tèmi. Lálaalẹ́ ni mo máa ń tọ̀ ọ́ lọ sábẹ́ tábìlì, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń fọwọ́ pa á lórí kí ó lè mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun, ṣùgbọ́n ńṣe ni ara rẹ̀ ń le gbagidi, tí ó ń lá imú. Kí ni mo tún lè ṣe?

Àlàó

Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin. Iṣẹ́ ìṣègùn ẹranko ni mo ń ṣe. Kí ẹ tó gbìyànjú ohunkóhun, ẹ mú un padà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí pé ihò etí ajá kì í lọ tààrà bíi ti ènìyàn. Ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó yà sínú. Etí tí ó mọ́ tónítóní lójú yín lè ṣì wú nísàlẹ̀, ajá tí nǹkan ń dùn kò sì lè fọkàn tán ọwọ́ tí ó ń na sí ojú ibi tí ó ń dùn ún. Ẹ má sì ṣe fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn o: ibuprofen àti paracetamol lè pa ajá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò yà mí lẹ́nu. Ajá kì í jókòó ṣe ìdájọ́ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí ó ṣáájú ìrora ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni ó máa ń so mọ́ ìrora. Pavlov, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904, ṣàkíyèsí pé itọ́ a máa yọ lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé, ní kété tí ajá náà bá ti rí tàbí gbọ́ ohun tí ó sábà máa ń ṣáájú oúnjẹ, láìjẹ́ pé ajá náà fúnra rẹ̀ pinnu bẹ́ẹ̀. Bí ìbẹ̀rù Tanímọ̀la ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìdìde yín lórí àga, aṣọ ìnura, ìgò kékeré, ọwọ́ tí ó gba òkè orí bọ̀: gbogbo wọn ti di ìkéde pé ìrora ń bọ̀. Kò bínú sí yín, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ kò lè yanjú rẹ̀. Ohun tí yóò yanjú rẹ̀ ni kí àwọn ohun wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kéde nǹkan mìíràn.

Ní ti kíkùn, mo rọ̀ yín pé kí ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ tí ó ń bá yín sọ. Kí ajá tó kùn, ó ti lá imú, ó ti yán nígbà tí oorun kò kùn ún, ó ti yí ojú kúrò títí funfun ẹyinjú rẹ̀ fi hàn. Ajá tí a bá nà nítorí pé ó kùn lè pa kíkùn tì, kí ó wá máa gé ènìyàn jẹ láìkìlọ̀.

Àjọkẹ́

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi, èékánná ni mo ń gé fún tèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí yóò dùn yín díẹ̀: lílọ tí ẹ ń lọ bá a lábẹ́ tábìlì ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Ibẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè sá sí nínú ilé, ẹ sì ń tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Ìfẹ́ ni ẹ gbé lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí òun rí ni ọwọ́ tí ó ń bọ̀ níbi tí kò ti sí àyè àtisá, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọjọ́ oògùn ṣe bá a ní kọ̀rọ̀. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì yẹn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi kò ṣe ju kí n máa kọjá lọ. Mo gé ẹran sísè wẹ́wẹ́, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà (àlùbọ́sà a máa pa ajá lára), bí mo bá sì ti ń kọjá níwájú rẹ̀, mo ju ẹyọ kan sílẹ̀, n kò dúró, n kò wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílẹ̀, tí mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n a fi ẹran fa ajá náà sún mọ́ra. Ajá a na ọrùn wá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a ti múra sísá, bí ó bá sì gbé ẹran náà mì tán, yóò rí i pé òun ti sún mọ́ ènìyàn jù, jìnnìjìnnì a bò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa ju ẹran sí. Yóò padà sẹ́yìn lọ gbé e, ara rẹ̀ yóò balẹ̀ nítorí pé ó jìnnà sí yín, ẹnu rẹ̀ yóò sì dùn. Bí ó bá tún yí padà wá, òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ wá. Gbogbo iṣẹ́ náà wà nínú pé òun ni yóò máa yàn.

Ọjọ́ tí ó bá fi ara kàn yín, abẹ́ àgbọ̀n tàbí igbá àyà ni kí ẹ fọwọ́ kàn, kì í ṣe orí. Ẹ rọra họ ọ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò. Bí ó bá tún fara tì yín, ẹ tún ṣe é. Bí ó bá yí ojú, ó tán fún ọjọ́ náà.

Aṣọ ìnura àti ìdìde lórí àga náà nílò iṣẹ́ tiwọn, kékeré kékeré: ẹ mi ara lórí àga, ẹ ju ẹran, lọ́jọ́ mìíràn ẹ dìde àbọ̀, ẹ ju ẹran. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni kí ó ṣáájú, kí ẹran tẹ̀lé e. Bí ẹran bá ń ṣáájú, ẹran pàápàá yóò di ohun ìfura.

Àdìó

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n bàbá tí ó kọ́ mi ní ajá sísìn sọ pé kí a gbá irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́ra títí yóò fi ṣíwọ́ ìjàkadì, yóò sì rí i pé nǹkan kan kò ṣe òun. Ṣé kò ní yá ju oṣù púpọ̀ lọ?

Àlàó

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Àdìó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn ajá tí wọ́n fi iná mànàmáná dá lóró níbi tí wọn kò ti lè sá. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sí ibi tí wọ́n ti lè fò kọjá sí àlàáfíà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbìyànjú rárá. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń fara dà á. Ìwádìí tí ó burú fún àwọn ajá náà ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bí ajá bá ṣíwọ́ ìjàkadì, ìyẹn kò ní kí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti sọ ìrètí nù ni. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: bí Tanímọ̀la bá sá tọ̀ yín wá nígbà tí nǹkan mìíràn bá dẹ́rù bà á, ẹ gbà á, ẹ tù ú nínú. Kò sí òótọ́ nínú pé ìtùnú a máa sọ ìbẹ̀rù di púpọ̀.

Àṣàkẹ́

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 7 tí mo ti kọ̀wé síbí. Àyẹ̀wò fi hàn pé etí òsì ṣì wú nínú lọ́hùn-ún, bí ẹ ti wí. Dókítà fi oògùn kan sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí n má baà ní láti máa dì í mú mọ́.

Màmá Àjọkẹ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún mi ju fún ajá náà lọ, nítorí pé kí n máa kọjá níwájú rẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀ dà bí ẹni pé mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá ni ó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo wà nínú yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo ṣe àṣìṣe: àlejò dé, mo fò dìde lójijì, ó sì sá fún ọjọ́ 3 gbáko. Mo padà sí ẹran jíjù láti ibẹ̀rẹ̀, èyí kò sì pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ní báyìí, ó ń jẹ lọ́wọ́ mi, ó ń dùbúlẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí ẹsẹ̀ mi. Kò tíì gbé àgbọ̀n lé e. Aṣọ ìnura ṣì ń bà á lẹ́rù bí mo bá nà án.

Ohun tí ó kù tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé, bí etí náà bá tún kó àrùn ńkọ́?

Àlàó

Àrùn etí sábà máa ń padà wá, nítorí náà ẹ má dúró dè é. Ẹ wá ìgò oògùn tí ó ti ṣófo, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀ ní ọ̀kánkán, ẹ ju ẹran. Nígbà tí ó bá ń wò ó tí ó sì ń retí ẹran, ẹ gbé e sọ́wọ́; lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi ọwọ́ kejì kan gbòǹgbò etí fún ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ jẹ́ kí ó máa gbé àgbọ̀n lé ìrọ̀rí kékeré kan bí ẹ bá ti ń ṣe é, kí ẹ sì fi í ṣe àmì láàárín yín: bí àgbọ̀n bá wà lórí ìrọ̀rí, ẹ tẹ̀síwájú, bí ó bá gbé e kúrò, ọwọ́ yín kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní gbogbo ìgbà, títí kan ọjọ́ tí ẹ bá ń kánjú. Ní ti aṣọ ìnura, ẹ lo èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ sì gbé ti àtijọ́ kúrò nínú ilé.