Gèlè kan, fọ́tò kan, ẹni méjì rí àwọ̀ méjì. Kí ló fà á?

Aláṣọ Gbági

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ òkè ni mo ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn, ọdún kejìdínlógún rèé. Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ojú àti àwọ̀ sì ni méjèèjì dá lé.

Tàkọ́kọ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan fẹ́ kó ogójì gèlè fún òkú ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n ti ń bá mi rajà tipẹ́. Àbúrò ò dé ìsọ̀ mi rí, Ìlọrin ló ń gbé. Mo tẹ́ gèlè kan sórí àpò ọ̀rá funfun tí mo fi ń di ọjà fún oníbàárà, mo yà á lábẹ́ tapólì gíríìnì tó bo iwájú ìsọ̀ mi, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà ni gèlè náà, píńkì tó rọ̀ lójú. Àwọn méjèèjì ní ó wu àwọn, wọ́n sanwó, kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọ̀. Àfi ìgbà tí ẹrù dé Ìlọrin. Àbúrò pè mí tìbínú-tìbínú: àwọ̀ eérú lòun rí, eérú lòun sanwó fún, kí ni òun fẹ́ fi píńkì ṣe? Ó pè mí ní oníjìbìtì. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé Ìlọrin, wọ́n jọ wo fọ́tò náà lórí fóònù kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń rí píńkì, àbúrò ṣì ń rí eérú.

Tèkejì. Ahunṣọ kan wà n'Ísẹ́yìn tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó hun aṣọ búlúù, kó fi òwú dúdú la ilà sí i. Nígbà tí aṣọ dé, dúdú yẹn ò dú. Ó ń ṣe bí èyí tí oòrùn ti pa, ó fẹ́ máa jọ àwọ̀ ilẹ̀. Mo ní òwú tí kò dáa ló rà. Ó búra pé ìdì òwú yẹn náà lòun fi la ilà sí aṣọ funfun tí òun hun fún mi lóṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tọ̀hún dúdú bí kóró iṣin. Mi ò gbà á gbọ́. Ìyókù owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ṣé ojú wa ló ń ṣàìsàn ni, àbí fóònù? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó là á yé mi dáadáa. Kó má gé e kúrú.

Awòye

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ká pe èèyàn ní oníjìbìtì lórí ohun tí kò ṣe, ó ń dunni. Iṣẹ́ ìwádìí lórí bí ojú ṣe ń ríran ni mo ń ṣe ní yunifásítì, ohun tí ẹ kọ yìí sì ni a ń jí sí, tí a ń sùn sí. Mo fẹ́ kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀: kò sí òpùrọ́ nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lára aṣọ tó wọ ojú wa, nǹkan méjì ló ti lú pọ̀ nínú rẹ̀: àwọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀, àti àwọ̀ iná tàbí oòrùn tó ń tàn sí i. Bí wọ́n ṣe lú pọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń wọlé. Sẹ́ẹ̀lì oríṣi mẹ́ta ló ń gba àwọ̀ lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, ohun tí àwọn mẹ́ta yìí bá sì gbà ni wọ́n máa kó fún ọpọlọ. Ọpọlọ á wá bi ara rẹ̀ pé, irú iná wo ló ń tàn níbí yìí? Á yọ àwọ̀ iná kúrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni yóò pè ní àwọ̀ aṣọ. Ìdí nìyẹn tí takadá fi ń jẹ́ funfun lójú wa lọ́sàn-án gangan àti lábẹ́ gílóòbù tó ń pọ́n lálẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara rẹ̀ bọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. A kì í mọ̀ pé ìṣirò kankan wáyé.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni fọ́tò. Fọ́tò kì í fi gbogbo àyíká hàn, ọpọlọ kálukú á wá méfò iná tirẹ̀. Ẹ̀yin náà á rántí aṣọ kan tó gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan ní oṣù kejì ọdún 2015. Ìyá ìyàwó kan ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní erékùṣù Colonsay, ní Scotland, ó ya á ní fọ́tò, ilé wá dàrú lórí bóyá búlúù àti dúdú ni tàbí funfun àti góòlù. Rosa Lafer-Sousa, Katherine Hermann àti Bevil Conway bi èèyàn 1,401 léèrè lọ́dún yẹn: ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún rí búlúù àti dúdú, ìdá 30 rí funfun àti góòlù, ìdá 11 rí búlúù àti búráùn. Búlúù àti dúdú ni aṣọ ọ̀hún lóòótọ́. Lọ́dún 2017, Pascal Wallisch ní New York gbé tirẹ̀ jáde, ó bi èèyàn tó lé ní 13,000. Àwọn tó gbà pé abẹ́ ibòji ni aṣọ wà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó rí funfun àti góòlù. Ó sì tún rí i pé àwọn tó máa ń tètè jí láàárọ̀ sábà rí funfun àti góòlù ju àwọn tí kì í tètè sùn lálẹ́ lọ. Àlàyé tó ṣe ni pé oòrùn ni ojú àwọn atètèjí mọ̀ jù, iná gílóòbù ni ojú àwọn apẹ́sùn mọ̀ jù.

Tiyín gan-an ló kàn. Wallisch àti Michael Karlovich mú bàtà Crocs píńkì àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, wọ́n tan iná gíríìnì sí wọn, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Tí píńkì bá bọ́ sábẹ́ gíríìnì, ìmọ́lẹ̀ tó máa kúrò lára rẹ̀ kò ní jìnnà sí eérú. Ẹni tó bá gbà pé ìbọ̀sẹ̀ yẹn funfun, ọpọlọ rẹ̀ á mọ̀ pé iná ló sọ ọ́ di gíríìnì, á yọ iná kúrò, bàtà á di píńkì. Ẹni tó bá gbà pé ìbọ̀sẹ̀ gíríìnì ni, kò sí nǹkan tó máa yọ, eérú ló máa rí.

Màmá, tapólì yín ni iná gíríìnì, àpò ọ̀rá yín sì ni ìbọ̀sẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní: nínú àwọn méjèèjì, ta ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àpò yín funfun?

Aláṣọ Gbági

Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ìyẹn. Àpò mi kún ilé ẹ̀gbọ́n, òun ló fi ń kó gèlè sí àpótí. Mo pe àbúrò láàárọ̀ yìí. Mi ò bá a ṣàwíjàre, mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àpò tí gèlè wà lórí rẹ̀ nínú fọ́tò yẹn, àwọ̀ wo ni?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣebí gíríìnì ni."

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tún ya òmíràn nínú oòrùn, mo so wọ́n pọ̀. Kò tíì dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé Ìsẹ́yìn.

Télọ̀ Ṣómólú

Ìyá aláṣọ, kí n tó gbọ́ ti Ìsẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá yìí ní tèmi. Mo máa ń mú òwú ìránṣọ tó bá aṣọ mu rẹ́gí lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Tí oníbàárà bá gbé e dé ìta, òwú á yọ gedegbe lára aṣọ. Aṣọ yẹn náà ni, òwú yẹn náà ni. Mo ti tú odindi léèsì kan, mo sì fi owó ara mi tún un rán rí nítorí èyí. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yan òwú, nínú oòrùn, mi ò gbọ́ràn sí iná lẹ́nu mọ́.

Awòye

Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni ibi tó yẹ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rántí pé ohun mẹ́ta péré ni ojú ń kó fún ọpọlọ. Aró tí wọ́n fi rẹ òwú àti èyí tí wọ́n fi rẹ aṣọ lè yàtọ̀ síra, kí wọ́n sì fún àwọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ní ohun kan náà lábẹ́ iná kan. Ẹ pààrọ̀ iná, ìbáramu á tú. Oòrùn ni kí ẹ máa lò tó bá jẹ́ inú oòrùn ni wọ́n máa wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn tó níná ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná náà.

Màmá, ó wá kan Ìsẹ́yìn. Lọ́dún 1824, wọ́n fi onímọ̀ kẹ́míkà kan, Michel Eugène Chevreul, ṣe ọ̀gá àwọn aláró ní Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ fún ààfin. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi dé: òwú dúdú tí ẹ rẹ kò dú, pàápàá tí a bá fi hun ibi tó ṣókùnkùn nínú aṣọ búlúù àti àwọ̀ àlùkò. Chevreul kó òwú dúdú láti àwọn ibi tí wọ́n ti mọ aró pa dáadáa, ó fi wọ́n wé tirẹ̀. Kò sí àléébù lára tirẹ̀. Ó wá rí i pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú ni ọ̀ràn. Búlúù máa ń fi òdìkejì rẹ̀ kun aládùúgbò, òdìkejì búlúù sì súnmọ́ àwọ̀ ọsàn. Dúdú tó bá fara kan búlúù á wá dà bí èyí tó pọ́n, tó ti ṣá. Ó fi odindi ìwé sọ ọ́ lọ́dún 1839. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí bí ọpọlọ ṣe ń fi àwọ̀ kan wọn èkejì, a ò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ẹ mú takadá funfun kan, ẹ gé ihò kékeré méjì sí i. Ẹ jẹ́ kí ihò kan bọ́ sórí ilà dúdú aṣọ búlúù, kí èkejì bọ́ sórí ilà dúdú aṣọ funfun yẹn, kí nǹkan mìíràn má hàn. Kí oòrùn tó ń tàn sí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà o.

Ọmọ Olùkọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan sọ fún wa ní kíláàsì pé àwọn baba wa ò rí búlúù, torí pé orúkọ àwọ̀ mẹ́ta, dúdú, pupa, funfun, nìkan la ní. Ṣé òótọ́ ni?

Awòye

Kì í ṣe òótọ́, inú sì máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ. Ẹni tó hun ẹ̀tù, tó fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sí aró títí ó fi jọ ìyẹ́ ẹ̀tù, ojú rẹ̀ mọ aró ju ojú èmi lọ. Orúkọ lè mú kí a yára díẹ̀, ìyẹn ni òótọ́ tó wà ńbẹ̀. Èdè Rọ́ṣíà ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún búlúù tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó ṣókùnkùn. Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, àwọn tó ń sọ ọ́ tètè ń ya búlúù méjì sọ́tọ̀ tí orúkọ wọn bá yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kíákíá la ń sọ níbẹ̀ o, gbogbo wọn ló ń rí i.

Kódà àwọ̀ tí kò lórúkọ níbì kankan, ojú lè rí i. Lọ́dún 2025, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, tí Ren Ng àti Austin Roorda wà lára wọn, fi ìtànṣán lésà kan oríṣi kan ṣoṣo nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta yẹn, èyí tó wà láàrin. Kò sí ìmọ́lẹ̀ lásán tó lè kan án láì kan àwọn yòókù. Ẹni márùn-ún ló wò ó. Wọ́n ní àwọn rí àwọ̀ kan láàrin búlúù àti gíríìnì tó kún ju gbogbo èyí tí àwọn ti rí rí lọ. "Olo" ni wọ́n sọ ọ́. Ó wù mí kí n rí i kí n tó kú.

Aláṣọ Gbági

Mo ti gé takadá. Mo dúró sí iwájú ìsọ̀, mo ká tapólì kúrò, mo tẹ́ aṣọ méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì. Nínú ihò méjèèjì, dúdú kan náà ni. Mo gbé takadá kúrò, èyí tó wà lára búlúù pọ́n padà lójú mi. Mo gbé e sí i, ó dú. Mo ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ ìsọ̀ náà wò ó, ó kígbe.

Mo ti fi ìyókù owó ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, mo sì pe ahunṣọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ gidi, torí mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i níjọ́sí. Ó ní òun ti gbọ́, kò tán síbẹ̀. Ó ní bàbá òun kì í jẹ́ kí dúdú fara kan aró láéláé, òwú funfun kan ṣoṣo ló máa ń là sáàárín wọn. Èmi ni mo ní kó yọ ọ́, torí mo ní kò bóde mu. Ogún òmíràn ti wà lórí òfì báyìí, tòun ti òwú funfun náà.