Ẹ bá mi wo ímeèlì yìí: ṣé báǹkì ló fi ránṣẹ́ lóòótọ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ímeèlì kan wọlé sórí fóònù màmá mi láàárọ̀ yìí, tó ní báǹkì wọn lòun ti wá. Ó ní kí màmá kọ gbogbo nọ́ńbà 11 tó wà nínú BVN wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì), nọ́ńbà iwájú káàdì ATM àti PIN ránṣẹ́ kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àkáǹtì wọn á di títì pa. Àmì báǹkì wà lókè gàdàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àdírẹ́sì Gmail ló yọ sí mi. Báǹkì wo ló ń lo Gmail, ẹ gbà mí?

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkáǹtì màmá wà níbẹ̀, ó sì pé. Níbo ni wọ́n ti rí i? Màmá ò tíì tẹ líǹkì kankan, àmọ́ wọ́n ti ń tú báàgì wá káàdì kí n tó gba fóònù.

Sátidé lònìí, báǹkì ò ṣí. Ṣé kí n pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni, àbí kí n dúró di Mọ́ńdè? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, màmá ti ń kanra mọ́ mi nítorí fóònù wọn.