Kí ni troponin sọ tẹ́lẹ̀? Èsì lórí «asọtẹ́lẹ̀-ọkàn»

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi,

Mo ti ka àbá ọ̀gá wa láti Ìbàdàn, pé kí a máa pe troponin àti àwọn èròjà bíi tirẹ̀, tí dókítà ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ ibi tí àìsàn líle bíi Kòrónà lè já sí, ní «asọtẹ́lẹ̀-ọkàn». Mo kí wọn kú iṣẹ́, nítorí ẹni tó bá jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn ní èdè wa ti ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà, «tẹ́lẹ̀» tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń bí mi nínú jù.

Kì í ṣe «a-» tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni mò ń bá jà. Arákùnrin tó ní nínú ìjíròrò wa pé «a-» kò yẹ ohun tí kì í ṣe ènìyàn ti gbàgbé asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán. Ẹni tó sì kọ ọ́ ní «àsọtẹ́lẹ̀», tó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wòlíì jáde. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ni troponin sọ tẹ́lẹ̀?

Inú iṣan ọkàn ni èròjà yìí ń gbé, ó sì wà lára ohun tí ọkàn fi ń sún kì tí ó fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn bá fara pa ni ó máa ń ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà, ìpalára ti ṣẹlẹ̀ kí àwa tí a wà ní yàrá àyẹ̀wò tó rí i. Ìwọ̀n tí 99 nínú 100 ènìyàn tí ara wọn le kì í kọjá ni a fi ṣe ààlà. Bí ó bá kọjá ààlà lára ẹni tí Kòrónà dá dùbúlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró kò fún ọkàn ní ọ́síjìn tó, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ó sì lè jẹ́ kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn.

Ẹ wo ìlú Wuhan ní China ní ọdún 2020. Nínú 416 aláìsàn tí ilé ìwòsàn Renmin ti Yunifásítì Wuhan ròyìn, ọkàn 82 fara pa. 42 nínú wọn kú, bẹ́ẹ̀ ni 15 péré ló kú nínú 334 yòókù. Ní ilé ìwòsàn mìíràn ní ìlú kan náà, nínú 187 aláìsàn, àwọn tó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí troponin wọn kò ga, nǹkan bí 13 nínú 100 ló kú. Àwọn tí kò ní àrùn ọkàn rí ṣùgbọ́n tí tiwọn ga, ó lé ní 37 nínú 100 ló kú. N kò kóyán èyí kéré rárá. Àmọ́ 40 nínú àwọn 82 yẹn kò sí lára òkú tí ìròyìn náà kà. Bí a bá sọ fún ìdílé wọn pé asọtẹ́lẹ̀ ti sọ̀rọ̀, ohun tí yóò ṣẹ dandan ni etí Yorùbá yóò gbọ́, ẹkún á sì sọ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Dókítà ló ń wòye, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ọjọ́ orí, èémí àti kíndìnrín pọ̀ mọ́ iye tí a kọ sínú ìwé àyẹ̀wò.

Ọ̀gá wa ní àwọn ti kọ́ni ní Yorùbá kí púpọ̀ nínú wa tó dé ilé ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni, mo sì dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà tó fún wa ní «èdè-ìperí», ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀ ní Yorùbá, pàápàá sì máa ń bi oníṣẹ́ léèrè iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo BNP, èròjà mìíràn tí dókítà ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí ọkàn, tí wọ́n fi ọpọlọ sọ lórúkọ nítorí pé inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará Japan ti kọ́kọ́ rí i ní 1988. Ọkàn gan-an ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní.

Àbá tèmi ni «atọ́ka ìfarapa ọkàn». Ó fi «a-» sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ẹ, ó sì mú «tẹ́lẹ̀» kúrò. Bí a bá fẹ́ sọ nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀, kí a sọ pé dókítà fi atọ́ka náà wòye.

Ó ku ọ̀rọ̀ «iṣan». Ìyá wa tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní aláìsàn tó bá gbọ́ «iṣan ọkàn» yóò rò pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni, pé «ẹran ọkàn» ló dára jù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹran inú ìkòkò ni àwọn mìíràn yóò rántí, ṣùgbọ́n ìyá wa ni wọ́n ti dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn jù mí lọ. Kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ gbólóhùn tí wọ́n máa ń sọ fún aláìsàn ránṣẹ́ sí wa bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn.